Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ yóò máa gbé mi wọlé: ṣé kí n gbà bẹ́ẹ̀?

Ará Òkè-Àdó béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ arọ ni mo sì fi ń rìn láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn mi léṣe. Mo ń ṣiṣẹ́ mi, mo ń san owó ilé mi, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, n kò sì kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé ìjọ wa ti wó ilé ìsìn àtijọ́, wọ́n sì fẹ́ kọ́ tuntun sí ojú ibẹ̀. Nígbà tí mo rí àwòrán ilé tuntun náà lára ògiri ọ́fíìsì ìjọ, mo rí i pé ilẹ̀ rẹ̀ yóò ga, pé àtẹ̀gùn mẹ́rin ni yóò wà níwájú, àti pé orí pẹpẹ tí àwọn akọrin yóò máa jókòó sí tún ní méjì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ráàmpù níbì kankan.

Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Èsì tí alága fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi sọ ọ́, ni pé kí n fọkàn balẹ̀, pé ìjọ kò ṣaláìní ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára, àti pé mẹ́rin nínú wọn yóò máa gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi wọlé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní gbọ̀ngàn tí a ń yá lò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí gbígbé yìí ṣe máa ń rí, nítorí ẹni tí wọn kò gbé rí lè rò pé oyè ni. Ẹni méjì yóò di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ẹni méjì yóò di ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ lé mú, ibẹ̀ sì máa ń yọ bí wọ́n bá fà á lójijì. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, èmi àti kẹ̀kẹ́ a dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó bá sún mọ́ mi a sì ki ọwọ́ bọ abíyá mi kí n má baà ṣubú. Ìró mi a tú. Ìyá kan nínú ìjọ a sáré fi ìborùn bo ẹsẹ̀ mi, gbogbo ojú a sì yí sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀ láàárín ìsìn, àfi kí n ránṣẹ́ pe ọkùnrin mẹ́rin. Nítorí èyí, n kì í mu omi láti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá ti gbé mi sílẹ̀ tán, ojú alágbe ni àwọn àlejò fi ń wò mí. Mo jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ kan, mò ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi, ni ìyá àlejò kan bá ju igba náírà sórí ìwé náà, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òbí mi jì wọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bíìrò pupa ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè mi rèé. Ǹjẹ́ òfin kankan wà tó de irú ilé báyìí, àbí ilé ìjọba nìkan ni òfin náà mọ̀? Bí ó bá sì wà, báwo ni mo ṣe lè bá àwọn àgbà sọ ọ́ tí wọn kò fi ní pè mí ní aláìmoore? Alága ìgbìmọ̀ yìí ló dá owó jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n fi tọ́jú mi ní ilé ìwòsàn. Kò yẹ kí n fi lẹ́tà lọ́yà kí i.

Amòfin Abẹ́ Odán fèsì:

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa. Ti òfin ni èmi yóò dáhùn. Ti bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Òfin wà, kì í sì í ṣe ti ilé ìjọba nìkan. Òfin àpapọ̀ tó ka ìdẹ́yẹsí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ni wọ́n ń pè ní ti 2018, ṣùgbọ́n oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Kò ṣàdédé bọ́ láti ọ̀run. Orílẹ̀-èdè yìí ti buwọ́ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá láti 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Àwọn aṣòfin sì ti gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí àwọn ààrẹ tó jẹ ṣáájú kò buwọ́ lù ú. Àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn, lábẹ́ ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn tí à ń pè ní JONAPWD, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Èkó kò tilẹ̀ dúró de Àbújá. Wọ́n ti ṣe òfin tiwọn láti 2011, wọ́n sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti máa mójú tó o.

Ohun tí òfin àpapọ̀ sọ nípa ilé kò lọ́jú pọ̀. Àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò bí ẹlòmíràn ṣe ń wọ̀ ọ́, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ráàmpù, àti ẹ̀rọ agbéniròkè níbi tó bá ti yẹ. Àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé ni wọ́n fún ní ọdún márùn-ún láti fi ṣe àtúnṣe, gbèdéke náà sì ti kọjá láti oṣù kìíní 2024. Ilé tuntun kò ní oore-ọ̀fẹ́ kankan ní tirẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ni ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ti gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ìlànà mu, òṣìṣẹ́ tó bá sì fọwọ́ sí àwòrán tó tàpá sí ìlànà náà lè san mílíọ̀nù kan náírà ó kéré tán, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kí ó fi méjèèjì gbára. Ní ti ìdẹ́yẹsí gan-an, ẹnì kan lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí àjọ tó forúkọ sílẹ̀, ₦1,000,000 ni. Òfin yìí kan náà ló ka fífi àkàndá ẹ̀dá ṣagbe léèwọ̀, òun náà ló sì ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn bí wọ́n bá tò sórí ìlà.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ilé ìsìn jẹ́ ti àwọn ọmọ ìjọ nìkan. Èmi kò rí bí àríyànjiyàn náà ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí pátákó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bá ń pe gbogbo ayé pé kí wọ́n máa bọ̀.

Síbẹ̀, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ ti ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé òfin yìí dùn ún kà ju bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e lọ. Àtẹ̀gùn ṣì kún iwájú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ kó fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà ní Àbújá, NCPWD, ń gba ẹ̀sùn, ẹ sì lè lọ síbẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá yí padà di agídí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ilé náà ti wà lórí ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ìgbìmọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé wọ́n ti gbé àwòrán yìí lọ fún ìfọwọ́sí, níbo sì ni ráàmpù wà nínú rẹ̀? Àwòrán ni ìbéèrè yẹn kọjú sí, kò kọjú sí alága.

Ọmọ Ìjọ Rere fèsì:

Arábìnrin, mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn mìíràn ń rò tí wọn kò lè sọ. Owó tí ìjọ ń dá fún ilé kì í tó. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò lo ọ̀nà tí ẹ ń béèrè yìí. Nínú ìwé Máàkù orí kejì, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ẹlẹ́gbà lọ bá Jésù ní Kapernaumu, Jésù sì rí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n gbé òun ń du àwọn tó fẹ́ gbé e ní ìbùkún tiwọn. Ẹ wo Folashade Oluwafemiayo, àkàndá ẹ̀dá tó gba góòlù nínú irin gbígbé ní Òlíḿpíìkì àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Tokyo, tó tún gba òmíràn ní Paris ní 2024. Ìforítì ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe àròyé. N kò sọ èyí láti bà yín nínú jẹ́ o.

Ọmọ Ààfáà fèsì:

Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo ka ibi tí Ọmọ Ìjọ Rere tọ́ka sí yẹn. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti dí ẹnu ọ̀nà, àwọn mẹ́rin náà kò sì rí àyè wọlé. Wọn kò ní kí ẹlẹ́gbà náà máa padà lọ sílé títí èrò yóò fi dínkù. Orí òrùlé ni wọ́n gùn, wọ́n dá ihò sí i, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú ẹni tó wá rí. Òrùlé onílé ni wọ́n bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ibi tí a ti kà á pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè owó àtúnṣe. Bí ìjọ yín bá fẹ́ fi ìtàn yẹn ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe é tán. Ilé náà ló yí padà nítorí ọkùnrin yẹn.

Ní ti ẹni tó gba góòlù, ẹ̀yin àti èmi kò mọ ohun tó ń sọ nípa àtẹ̀gùn nígbà tó bá wà nílé. Èyí tí mo mọ̀ ni pé nínú eré irin gbígbé ti àwọn àkàndá ẹ̀dá, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé irin, bẹ́ǹṣì tí wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ lé jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe gbọọrọ, kí ẹsẹ̀ wọn lè rí ibi sinmi, wọ́n sì fi ìgbànú sí i fún ẹni tó bá fẹ́ dè é. Wọ́n tún ibi ìdíje ṣe tán kí ìforítì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Paris lọ́dún yẹn, wọn kò mú àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo bọ̀. Àwọn àkàndá ẹ̀dá tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì kó méje bọ̀ wálé. Inú mi dùn sí i bí inú gbogbo yín ṣe dùn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí olùkọ́ kan kọ́kọ́ gba góòlù kí ó tó rí ọ̀nà wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdúrà tí ìyá àlejò yẹn gbà ló ká mi lára jù. Èrò pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ló fa àbùkù ara ẹlòmíràn ti pẹ́, gbogbo ẹ̀sìn tó wà láàárín wa ló sì ti bá a wí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù béèrè nípa ọkùnrin tó fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀, èsì tí wọ́n gbà sì ni pé kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Nínú Kùránì, Súúrà ọgọ́rin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbáwí fún Ànábì wa, kí ikẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, nítorí pé ó fajú ro sí afọ́jú kan tó wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń bá àwọn ọlọ́lá Mẹ́kà sọ̀rọ̀. Orúkọ afọ́jú náà ni Abdullah ibn Umm Maktum. Ó di ládàánì ní Mẹ̀dínà, Ànábì sì máa ń fi í ṣe adelé lórí ìlú bí ó bá ń rìnrìn àjò. Àwọn baba wa tí wọn kò tíì gbọ́ ti ẹ̀sìn méjèèjì yìí ní tiwọn pe afín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti jáde, èèwọ̀ sì ni kí ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. (Mo mọ̀ pé irú ọ̀wọ̀ yẹn náà máa ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ sí ojúbọ, kò sọ ọ́ di ẹni tí à ń bá ná ọjà. Ṣùgbọ́n ó ṣì dára ju kí a máa tọrọ àforíjì fún òbí olóbìí.) Ibo wá ni ìyá yẹn ti rí tirẹ̀?

Sí ìbéèrè yín kejì, arábìnrin mi: ẹ má lọ bá alága ní ẹ̀yin nìkan ṣoṣo. Ẹ wá ìyá àgbà kan tí eékún ń dùn, ẹ wá ìyálọ́mọ kan tó ń pọn ìbejì, ẹ wá ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ lọ kí i nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ti dúpẹ́ oore àná tán, ọ̀rọ̀ òní á wọlé. Dídúpẹ́ oore kò ní kí ènìyàn má sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Bíríkìlà Ọ̀nà Ìjẹ̀bú fèsì:

Ẹ kú àríyànjiyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ owó dẹ́rù bà yín.

Àtẹ̀gùn kan sábà máa ń ga tó íǹṣì mẹ́fà. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlélógún, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò ni pé fún gíga ẹsẹ̀ bàtà kan, ráàmpù yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Tiyín yóò gùn tó mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Bí iwájú ilé kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, a ó ṣẹ́ ẹ sí méjì: a ó kọ́ méjìlá lọ sápá kan, a ó ṣe ibi pẹrẹsẹ tó tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú àti lóròó kí kẹ̀kẹ́ lè rí ibi yí, a ó sì kọ́ méjìlá tó kù padà sọ́nà ilẹ̀kùn. Orí pẹpẹ akọrin tó ní àtẹ̀gùn méjì yóò gba ẹsẹ̀ bàtà méjìlá péré. Ibi tí àwọn bíríkìlà ti sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n á gé ráàmpù kúrú nítorí àyè tàbí nítorí sìmẹ́ǹtì, yóò wá dúró gangan bí ògiri, ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ kò ní lè dá gùn ún, ẹni tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lè ta gìdìgbò lọ bá mọ́tò lójú títì. Mo ti rí irú rẹ̀ níwájú ilé ìfowópamọ́ kan. Ráàmpù ni lójú ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ewu ni lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi táìsì dídán bò ó. Ojú sìmẹ́ǹtì tútù ni kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fà kí ó lè rí gaungàun, nítorí òjò. Kí wọ́n gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí táyà má baà yọ ṣubú, kí wọ́n sì fi irin ìdìmú sí i. Ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ti ilé ìtọ̀ sì ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ilẹ̀kùn kékeré tán gbogbo rẹ̀. Kí ó ṣí síta, kí ó má ṣí sínú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ráàmpù, ẹ bi ẹnjiníà yín léèrè ìdí tí ilẹ̀ fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí ó bá jẹ́ nítorí àgbàrá, kò burú. Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹwà, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí íǹṣì mẹ́fà, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sì tó fún gbogbo rẹ̀. Owó tí wọ́n ìbá fi rọ́ yẹ̀pẹ̀ kún inú ìpìlẹ̀ yóò wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí ẹnì kan ni. Ní báyìí tó wà lórí ìwé, pẹ́ńsù àti rọ́bà ni iṣẹ́ náà ń gbà. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, òòlù ni yóò gbà. Sí ẹni tó ní ẹnì kan ṣoṣo ni yóò lò ó: mo ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, mo sì rí ohun tó ń gba ráàmpù kọjá. Àga, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, jẹnẹrétọ̀, pósí.

Àǹtí Peckham fèsì:

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àánú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe é pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣe ètò ńlá tí wọ́n fi ń tọrọ owó fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, wọ́n á máa fi wọ́n hàn bí ẹni ìkáàánú. Àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn ló lọ ṣe ìwọ́de níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990 àti 1992, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ni àwọn fẹ́, àwọn kò tọrọ àánú. Ti 1992 yẹn ni ìkẹyìn ètò náà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn mìíràn ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì tí wọn kò lè wọ̀. Òfin àkọ́kọ́ tó de ìdẹ́yẹsí jáde ní 1995, Òfin Ìdọ́gba 2010 sì ti gba ipò rẹ̀ báyìí, ó sì de ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Lónìí, àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ná Lọ́ńdọ̀nù ní ráàmpù tó ń yọ jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ bá mi wo àwọn ìyá tiwa tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbádùn bọ́ọ̀sì náà. Àwọn tó so ara wọn mọ́lẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pè wọ́n ní aláìmoore. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dá yín dúró.

Olùkọ́ Àwọn Adití fèsì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè, mo sì fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ kan kún un: bí ẹ bá ti ń lọ bá ìgbìmọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí orí àtẹ̀gùn. Àwọn adití wà tí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ tí wọ́n jókòó sínú ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Òfin tí amòfin wa ṣàlàyé ní kí ilé ìwòsàn ìjọba ṣètò ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún irú wọn. Òfin ètò ìdìbò náà sì ní kí àjọ INEC ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n lè dìbò, yálà pẹ̀lú ìwé Braille tí afọ́jú ń fi ìka kà tàbí ògbufọ̀ fún adití. Ìjọ tó ní ògbufọ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì lè wá ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ túmọ̀.

Ìbàdàn yìí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà. Ní 1960 ni Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ níbí, lẹ́yìn èyí tó ti dá sílẹ̀ ní Àkrà ní 1957. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé adití kò ṣeé kọ́ ní ìwé rárá, ìdílé a sì máa fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á tí èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí fi jọ ti Amẹ́ríkà gan-an. Ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá wà. Bí ìgbìmọ̀ bá ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn yóò ti rí ògbufọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kókó kan ṣì kù. Ẹ sọ pé alága ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé náà tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá? Bí kò bá sí, ẹ béèrè àga kan níbẹ̀ fún ara yín. Ráàmpù tí ẹni tí kò jókòó sínú kẹ̀kẹ́ rí bá dá yàwòrán rẹ̀ ni irú èyí tí Bíríkìlà rí níwájú ilé ìfowópamọ́ yẹn.

Ọmọ Ìjọ Rere fèsì:

Mo gba ti òrùlé. Ti owó ni n kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ilé ni wọn yóò sọ kalẹ̀, n kò ní àtakò.

Ará Òkè-Àdó fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi, títí kan ẹ̀yin tí ẹ kò gbà pẹ̀lú mi. Mo ti bá ìyá àgbà ẹgbẹ́ akọrin wa sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn gun àtẹ̀gùn, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Òun ni yóò ṣíwájú wa lọ sílé alága lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó béèrè ìbéèrè tí amòfin kọ́ wa, a ó sì béèrè àga kan nínú ìgbìmọ̀, fún èmi tàbí fún bàbá afọ́jú kan tó ti wà nínú ìjọ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ya ráàmpù oníṣẹ̀ẹ́ méjì yẹn sórí ìwé, kí ẹ fi ìwọ̀n sí i, kí ẹ sì fi ti ilẹ̀ oníǹṣì mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Amòfin, bí wọ́n bá sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí àwòrán náà ńkọ́? Ṣé ó ṣì ṣeé yí padà, ta ni a ó sì lọ bá?

Amòfin Abẹ́ Odán fèsì:

Ó ṣeé yí padà. Kí ẹnjiníà yín gbé àwòrán tuntun padà lọ sí ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, kí ó sọ pé àtúnṣe ni. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ. Ẹ gba ẹ̀dà èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ sílé alága, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ rẹ̀.